Ọwọ́ Kẹta Lójú Kámẹ́rà

Bàbá mi nìkan ló jókòó síwájú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà kà.

Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Mo dá fídíò náà padà sẹ́yìn, mo sì ka àwọn ọwọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni ọwọ́ òsì bàbá mi, tó gbé sókè. Èkejì ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tó sùn sórí itan bó ṣe ti ń sùn láti oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀kẹta wá láti apá ọ̀tún, níbi tí kò sí nǹkan kan ju ògiri àti àga onírọ́bà kan tó ṣófo. Ó rìn jẹ́jẹ́ títí ó fi dé orí itan bàbá mi, ó sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nínú àwòrán gan-an, kò sí ọwọ́ kankan níbẹ̀. Àwọn àmì pupa tí kọ̀ǹpútà máa ń tò sórí ara ènìyàn ni mo rí, mọ́kànlélógún fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n dúró lórí afẹ́fẹ́ lásán.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà rò pé mo wà lára àwọn tí ń sá bí ológbò bá ké. Taslimah ni orúkọ mi. Gémù ni mò ń ṣe. Ẹ̀rọ ni mo mọ̀, inú sì máa ń bí mi sí ẹni tó bá ní ayé ló ba fóònù òun jẹ́ nígbà tó jẹ́ pé inú omi ọṣẹ ló jù ú sí. Ilé wa wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nínú agbo ilé kan tí ọ̀nà tó wọ̀ ọ́ tín-ín-rín débi pé bí ẹni méjì bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri. Yàrá iwájú ní ìsàlẹ̀ ni èmi àti Dáfídì, ọmọ Iléṣà kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, sọ di ibi iṣẹ́ wa.

Ọmọ Ọ̀sà ni gémù wa ń jẹ́. Atukọ̀ kan ni akọni inú rẹ̀. Ọ̀sà gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, òun náà sì ń tukọ̀ láti èbúté dé èbúté láti wá a. Á bá ẹranko inú omi jà, á gun òpó afárá, á sá pamọ́ sínú koríko etí omi. Ní èbúté kọ̀ọ̀kan, àgbàlagbà kan á wà tí akọni gbọ́dọ̀ fún ní ẹ̀bùn kó tó júwe ọ̀nà. Orí fóònù ni àwọn ènìyàn ti ń gbá a, ohun tí wọ́n sì fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé bí o bá ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì tí kì í ṣe òun, tí akọni fi ọwọ́ òsì na ẹ̀bùn, àgbà náà á wò ó láti òkè délẹ̀, á ní, “Ọwọ́ òsì kẹ̀, ọmọ mi?” á sì kọ ẹ̀yìn sí i. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Ohùn bàbá kan ládùúgbò wa ni mo gbà sílẹ̀ fún un. Mo rò pé mo gbọ́n.

Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi.

Alàájì Mọ̀núrù ni wọ́n ń pè é. Ó wa ọkọ̀ ojú omi láti èbúté wa dé Ìkòròdú fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, ohùn rẹ̀ sì máa ń ti orí omi dé ilé ṣáájú òun fúnra rẹ̀. Àìsàn náà dá ẹsẹ̀ rẹ̀ sí, ó dá ẹnu rẹ̀ sí, ọwọ́ ọ̀tún ló mú. Obìnrin tó ń bá àwọn aláìsàn na iṣan nílé ìwòsàn sọ fún wa pé ọwọ́ náà ò tíì kú, pé bó bá ń gbìyànjú láti gbé e lójoojúmọ́, á padà díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi ò gbìyànjú. Ó ní ohun tó bá ti lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ọkùnrin Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò lè na ọwọ́ ọ̀tún, báwo ni á ṣe bọ ènìyàn lọ́wọ́ ní mọ́sálásí? Báwo ni á ṣe jẹun lójú àlejò, tàbí gba ife omi lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀? Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá wá kí i, á ní kí ìyá mi sọ fún wọn pé òun ń sùn. Lẹ́yìn oṣù kẹrin wọ́n dín wíwá kù. Ó dùn mí wọnú eegun. Bàbá mi wà láàyè, a sì ti ń bá a gbé bí ẹni tí kò sí mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún Dáfídì pé a máa sọ Ọmọ Ọ̀sà di gémù tí wọ́n ń fi ara gbá. Kò ní sí bọ́tìnì mọ́. Kámẹ́rà á máa wo ẹni tó ń gbá a, bí onítọ̀hún bá ṣe ṣe ọwọ́ ni akọni á ṣe ṣe é. Bàbá mi lè kọ̀ láti na iṣan fún nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé bó bá rí omi, á tukọ̀.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ kékeré ni, kó wá jókòó sí yàrá wa lóṣù náà. Ohun tí ìka kan ń fi bọ́tìnì ṣe láìrò ó, apá ènìyàn ò lè ṣe é fún wákàtí kan. Ọjọ́ tí Dáfídì kọ́kọ́ fi ara tukọ̀ láti èbúté kìíní dé ẹ̀kẹta, kò lè gbé ṣíbí ìrẹsì dé ẹnu. A dín in kù, a ṣe é kí ènìyàn lè jókòó gbá a. Kámẹ́rà náà sì tún ń yà wá lẹ́nu. Bí fáànù bá fẹ́ kọ́tìnì, á ní ọwọ́ ni. Lọ́jọ́ kan akọni wa ń sáré kiri láìsí ẹni tó wà níwájú rẹ̀, àṣé àwòrán alfa tó gbọ́wọ́ àdúà sókè lórí kàlẹ́ńdà mọ́sálásí ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé.

“Áńtí, Alfa ti dé èbúté kejì,” ni Dáfídì wí. “Wọ́n mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ.”

A yọ kàlẹ́ńdà, a ká kọ́tìnì.

Ibi tó le jù ni ìparí, níbi tí akọni ti rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú omi. Ọwọ́ òsì á mú àjẹ̀ kí ọkọ̀ má baà yí. Ọwọ́ ọ̀tún á nà síta, á di ọ̀rẹ́ náà mú, á sì mú un dáadáa títí a ó fi ka ení dé ẹ̀wá. Èmi ni mo fi orí ara mi ro ibẹ̀ nígbà tí mo kọ gémù náà. Kò sẹ́ni tó sọ irú rẹ̀ fún mi rí.

Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ìyá mi tan bàbá mi jáde. Alàájà Ganiat mọ ọkọ rẹ̀. Ó ní kó wá wo ohun tí ọmọ rẹ̀ ń fi iná ilé ṣòfò lé lórí. Bàbá mi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó fa ojú ro. Nígbà tí ọ̀sà yọ, tí ìró omi ń lu ara ọkọ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀. Ó ń tukọ̀. Ó yà fún afárá, ó yà fún òkúta tí èmi gan-an ò rántí pé mo fi síbẹ̀. Ìyá mi fi ìborùn bo ẹnu kí a má baà gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ó dé èbúté kìíní, àgbà ibẹ̀ sì ń retí ẹ̀bùn rẹ̀. Mo ti gbàgbé. Mo fi Ọlọ́run búra, mo ti gbàgbé pátápátá. Bàbá mi fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún un na ẹ̀bùn náà.

“Ọwọ́ òsì kẹ̀, ọmọ mi?” ni àgbà náà wí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Mo sáré wá bọ́tìnì tí mo lè fi pa á.

“Má pa á,” ni bàbá mi wí. “Òótọ́ ló sọ. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.”

Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, a sì gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Mo sunkún lọ́jọ́ náà bí ọmọdé tí wọ́n nà lẹ́gba. Ẹ̀rọ tí mo ṣe nítorí rẹ̀ ni mo fi lé e padà sínú ihò tó wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ṣí gémù náà láti yọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì yẹn kúrò. Kọ̀ǹpútà máa ń fi fídíò gbogbo eré pamọ́, mo ní kí n wo ibi tí nǹkan ti dàrú. Ìgbà náà ni mo rí ọwọ́ kẹta.

Mo pe Dáfídì. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Kóòdù ló ní àṣìṣe,” ló wí.

“Àṣìṣe wo ló ń rìn báyìí?”

A ti ilẹ̀kùn, a pa fáànù, a bo dígí tó wà lára ògiri. Dáfídì jókòó sórí àga bàbá mi, ó fi ọwọ́ ọ̀tún sórí itan, ó gbé òsì sókè. Ọwọ́ méjì. Èmi náà jókòó. Ọwọ́ méjì. A ṣe é títí ìpè ìrun Jímọ̀ fi dún, ọwọ́ kẹta ò yọ. A wá jókòó, a sì wo fídíò ti bàbá mi dáadáa, a ń fi í rìn díẹ̀díẹ̀.

Ọwọ́ náà wá ní ìgbà mẹ́rin, ohun kan náà ló sì ń ṣe ní ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Á di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi mú. Á gbé ìka sókè díẹ̀, á fi wọ́n lu ọrùn ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà á tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì padà síbi tí àga onírọ́bà wà.

“Áńtí, ẹ wo ìka kékeré rẹ̀,” ni Dáfídì wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Àmì mẹ́rin ló máa ń wà lórí ìka kọ̀ọ̀kan. Lórí ọmọńdinrín ọwọ́ yìí, ẹ̀kẹrin gun ẹ̀kẹta lórí, bí ẹni pé kò rí ibi dúró sí. Ìka náà kúrú. Dáfídì fọwọ́ kan àgbélébùú tó wà lọ́rùn rẹ̀. Èmi náà ń ka àyátù-l-kúrísíyù sínú, èmi tí mo ní ẹ̀rọ ni mo mọ̀.

Bí a ṣe ń wò ó lọ́wọ́ ni ìyá mi ti ọjà Sandgrouse dé, apẹ̀rẹ̀ ata lọ́wọ́. Ó yọjú láti kí wa, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn.

“Ta ló fi ọwọ́ Ṣàíbù hàn yín?”

“Ṣàíbù wo, Màmá?”

“Bàbá Bilqis.”

Mo mọ Áńtí Bilqis. Ó ń ta ọ̀rá àti ike ní Adéníji Adélé. Gbogbo Iléyá láti kékeré mi, èmi ni mo máa ń gbé itan àgbò lọ fún òun àti ìyá rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ tó kú. Bàbá mi ló ń rán mi, òun fúnra rẹ̀ ò sì lọ rí. Mo ti béèrè lẹ́ẹ̀kan pé ẹbí wa wo ni wọ́n, wọ́n ní kí n máa lọ kí ẹran má baà bàjẹ́.

“Òun àti bàbá yín ni wọ́n jọ ni ọkọ̀ àkọ́kọ́,” ni ìyá mi wí. Kò gbójú kúrò lára àwọn àmì pupa náà. “Okùn ẹ́ńjìnì ló gé e níka. Èmi ni mo faṣọ dì í fún un. Ọ̀sà gbé e lọ ní ọdún méjì kí n tó bí ẹ, Taslimah. Oyún Bilqis wà ní oṣù méje.”

Mo ní kí n pa tẹlifíṣọ̀n náà. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Má pa á. Bàbá rẹ gbọ́dọ̀ rí i.”

Mi ò mọ ohun tó lọ sọ fún un lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó ṣí i. Bàbá mi jáde nínú jálàbíyà tó fi ń sùn, ó jókòó, ó wo fídíò náà títí ó fi parí. Ó ní kí n tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ bo ọ̀tún mọ́lẹ̀ bí ẹni ń fi nǹkan pamọ́.

“Ìjì ló dé lójijì,” ló wí. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. “A ti já èrò sí Ìkòròdú, a ń padà bọ̀, àwa méjì péré. Ọkọ̀ dojú dé. Òsì mi ló di ìdí ọkọ̀ mú, ọ̀tún mi ló di Ṣàíbù mú, òun náà dì mí mú. Ọkọ̀ náà ò lè gbé ẹni méjì. Bí mo bá ti fà á sókè, gbogbo wa á máa rì. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi ṣófo.”

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Mo sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé omi ló já a gbà. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n nìyí tí mo ti ń bi ọwọ́ yìí léèrè pé, ṣé ìwọ lo ṣí? Lọ́jọ́ tó kú sí mi lára, mo ní ó ti dáhùn.”

Mo wá mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe ìtìjú ọwọ́ òsì nìkan ló tì í mọ́lé. Ó rò pé ìdájọ́ ni. Ta ló máa ń na iṣan fún ọwọ́ tí Ọlọ́run ti dá lẹ́jọ́?

Dáfídì ló sọ̀rọ̀. Ọmọ tí kì í lè dákẹ́ tẹ́lẹ̀, ó rọra béèrè bí ẹni wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ lílù tó ń lù yẹn?”

“Lílù wo?”

Ojú bàbá mi ò ríran dáadáa mọ́. Mo mú àwòrán náà tóbi, mo sì fi í rìn díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ náà dì í mú. Ìka gbéra. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ìka Ṣàíbù tú, ọmọńdinrín kúkúrú yẹn ló kọ́kọ́ ṣí.

Orí bàbá mi tẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé àìsàn náà ló tún dé. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu apá àga lẹ́ẹ̀mejì.

“Ṣàíbù ló máa ń gba èrò sínú ọkọ̀,” ló wí. “Bí ọkọ̀ bá kún, tí gbogbo wọn ti jókòó dáadáa, á fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ò ní wẹ̀yìn. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ó ní, ó tó, máa lọ.” Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. “Mo mọ̀ ọ́n lára nínú omi lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní ọkàn mi ló ń wá àwáwí fún mi.”

Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

“Ẹ gbé gémù náà wá,” ló wí. “Ibi ìparí.”

Dáfídì ní òun lè yí i padà kí ọwọ́ òsì fa ọ̀rẹ́ náà. Bàbá mi mi orí. Ó ní òsì ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé láti ojú fèrèsé. Níta, ẹnì kan ń gún nǹkan nínú odó, àwọn ọmọdé sì ń sáré lórí kọnkéré. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ilẹ̀ ò tíì ṣú, pé a kò sùn, pé mẹ́rin ni wá nínú yàrá náà. Mo tan gémù. Omi yọ, ìjì dé. Bàbá mi na òsì rẹ̀ sí àjẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ọ̀sà, omi, ẹrẹ̀ àti bẹntiróòlù pọ̀. Lẹ́yìn náà, àga onírọ́bà tó wà lára ògiri dún, bí ó ṣe máa ń dún bí ènìyàn bá dìde kúrò lórí rẹ̀.

Àmì pupa mọ́kànlélógún jáde lójú tẹlifíṣọ̀n. Ọwọ́ náà wá, ó sì di ọrùn ọwọ́ bàbá mi mú.

Èjìká rẹ̀ gbọ̀n. Iṣan ọrùn rẹ̀ le. Mo wo orí itan rẹ̀, mi ò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́, nítorí pé ohun tí mo ń gbàdúrà fún láti oṣù mẹ́jọ ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi kúrò lórí aṣọ. Kò ju ìbú ìka méjì lọ. Lẹ́yìn náà ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Awọ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wọlé díẹ̀ níbi márùn-ún, bí awọ ṣe máa ń tẹ̀ bí ẹnì kan bá dì í mú. Ìka rẹ̀ ń ká bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ̀n, títí wọ́n fi di afẹ́fẹ́ mú.

“Ení,” ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà. “Èjì. Ẹ̀ta.”

Gbogbo wa ń kà á. Ní ẹ̀wá, akọni fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọnú ọkọ̀, orin tí mo fi síbẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ nínú wa. Ọwọ́ kẹta gbé ìka sókè, ó lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò ṣí. Ó ń dúró.

“Mo gbọ́,” ni bàbá mi wí jẹ́jẹ́. “Ó tó, Ṣàíbù. Máa lọ.”

Bàbá mi ló kọ́kọ́ ṣí ọwọ́. Àwọn àmì pupa náà kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n, wọn ò sì padà mọ́. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tutù nini, omi sì wà lára rẹ̀ ní ipa ìka mẹ́rin àti àbọ̀. Ìyá mi fi ìborùn rẹ̀ nù ún. Ó fi ìborùn náà sínú àpótí láìfọ̀ ọ́. Oṣù kẹfà nìyí, kò tíì gbẹ.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó dìde lọ́jọ́ kejì tó sì gbé garawa. Iṣẹ́ ló kù. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn Àsárì ni ó ń jókòó gbá Ọmọ Ọ̀sà, ó ń bú mi bí omi inú gémù ò bá ṣe bí omi ti ń ṣe. Ìka méjì ṣì wà tí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó lọ kí Jímọ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ìmáàmù, ó fi òsì gbé e ní ìsàlẹ̀ kó má baà já bọ́, àwọn àgbà mọ́sálásí sì dìde fún un. Nígbà tó délé, ó ní kí n gba ohùn òun sílẹ̀. Òun ni àgbà èbúté báyìí. Bí o bá fi òsì na ẹ̀bùn sí i nínú gémù wa, ohun tí wàá gbọ́ ni, “Èyí tó o ní lo mú wá, ọmọ mi. Mo gbà á.”

Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí a jọ lọ sí Adéníji Adélé. Kò gbé itan àgbò kankan dání. Ó dúró láàárín àwọn abọ́ ike Áńtí Bilqis, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan irọ́ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹkún tàbí èpè. Áńtí Bilqis wo ọwọ́ tó nà sí i, tó ń gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

“Màmá mi máa ń sọ ọ́,” ló wí. “Wọ́n ní bàbá mi kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dúró nítorí òun.”

Kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò gbà. Ó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ báyìí, òun fẹ́ kọjá níbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú la lọ sí èbúté. Sùrájù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ tó jẹ́ ti bàbá mi tẹ́lẹ̀, fún èmi àti Áńtí Bilqis ní ẹ̀wù ìléfòó, ó sì ní kí a jókòó sáàárín. Bàbá mi ò bá wa lọ. Ó dúró lórí pákó èbúté, ó ń wo bí èrò ṣe ń jókòó, ó ń pariwo lé ẹni tó bá dúró. Ohùn náà ti padà. Nígbà tí gbogbo wọn jókòó tán, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì fi lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò lágbára. Ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́ ọ.

Sùrájù fa okùn ẹ́ńjìnì. Kí ẹ́ńjìnì tó dún, nínú ìdákẹ́jẹ́ kékeré yẹn, ẹnì kan dáhùn láti abẹ́ ọkọ̀, níbi tí omi wà, ní ibi tí ẹsẹ̀ Áńtí Bilqis dúró lé gan-an. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì.

Áńtí Bilqis bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ lé pákó náà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkọ̀ gbéra. Mo wẹ̀yìn wo bàbá mi lórí èbúté. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà lókè.